Erékùṣù Ilẹ̀ Òkun

Bí mo bá sọ fún ará Èkó pé ọmọ Òkun ni mí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Òkun wo ló wà ní Kogí?" Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi. Kò sí òkun lọ́dọ̀ wa. Ìkíni wa ni. Bí Ìjùmú bá pàdé Yàgbà lójú ọ̀nà, "Òkun o." Bí Owé bá wọ ilé Búnú, "Òkun o." Àwọn ará ìta gbọ́ ọ títí, wọ́n bá fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Ká ní ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fẹ́ fi sọ wá lórúkọ ni, Àpáta ni à bá máa jẹ́.

Omi iyọ̀ jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n mo ti wá gbà báyìí pé a ní erékùṣù. Ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni mí, bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya erékùṣù sójú pátákó: ilẹ̀ róbótó kan láàárín, omi yí i ká, ó parí. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ti rí i pé àwòrán mi kò pé.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kàbbà lọ sí Mọ̀pà àti Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ti rí irú òkè tí mò ń wí. Kì í ṣe òkè tó ń ga díẹ̀díẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò ní tètè mọ̀. Ilẹ̀ á tẹ́ lọ bẹẹrẹ, oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́, igi kaṣú, lójijì ni àpáta á yọ láàárín wọn bí orí ẹni tó ń wẹ̀ lódò. Láyé ogun Tápà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa sá lọ, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ojú ọlọ wọn ṣì wà lára òkúta lórí tiwa, ó jinnú bí àwo ọbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń gbomi dúró, àkèré á sì máa fi ṣe ilé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ní oṣù kẹta, mo tẹ̀ lé bọ̀dá mi gun orí òkè náà. Ọdẹ ni bọ̀dá mi. Ọ̀sán gangan ni, àpáta náà gbóná débi pé mo ń gbọ́ ooru rẹ̀ nínú sálúbàtà. Alángbá orí pupa kan wà níwájú wa, ó ń na ọwọ́, ó ń ká a, bí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá àárọ̀ nínú bárékè. Ohun mìíràn tó ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta náà ni koríko kan. Ó bo ibi púpọ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti ká, ewé rẹ̀ rí bí eérú, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án, ó ń dún pàrà-pàrà.

"Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe èyí níléèwé yín?"

Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú.

"Òkú wo? Jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná, kí o padà wá."

Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ mo tún gun orí òkè, koríko yẹn ti tutù yọ̀yọ̀. Kì í ṣe pé ó hu ewé tuntun o. Ewé ọjọ́sí náà ni, èyí tó rí bí eérú, ló padà di àwọ̀ ewé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Afrotrilepis pilosa, orí irú àpáta báyìí ló sì ń gbé káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó lè gbẹ pátápátá, kó má sí ohun tútù kankan lára rẹ̀ mọ́, kó sì tún jí.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń wá koríko náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ibi tó ti pọ̀ bí omi, kò sí ẹyọ rẹ̀ kan. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ jinlẹ̀, ó lọ́ràá, koríko gíga á bò ó mọ́lẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn koríko gíga náà kò sì lè gòkè, oòrùn orí àpáta yóò pa wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ká tó tún rí ibi tí yóò gbà á, ó di òkè kejì, tí èèyàn ń wò fírífírí lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dúró sójú kan. Oko àti igbó tó yí òkè wa ká ni òkun koríko yìí.

Ọdún 1973 ni wọ́n bí mi. Ọdún yẹn kan náà ni tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter àti Rosemary Grant, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Daphne Major, erékùṣù kékeré kan láàárín àwọn erékùṣù Galápagos. Orílẹ̀-èdè Ẹ̀kúádọ̀ ló ni ibẹ̀, nǹkan bíi 1,000 kìlómítà ló sì fi jìnnà sí etí ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó ń gbé lórí Daphne Major. Òkúta àti ẹ̀gún ló pọ̀ níbẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń padà síbẹ̀, wọ́n ń mú àwọn ẹyẹ kéékèèké tó jọ ológoṣẹ́, wọ́n ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wọn àgógó wọn, wọ́n sì ń kọ ẹni tó fẹ́ ẹni àti ẹni tó bí ẹni sílẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa fi ọjọ́ orí mi ka ìtàn wọn. Ó máa ń jẹ́ kí ó rí bí ìtàn ará ilé.

Àwọn ìwé wa máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Charles Darwin, onímọ̀ tó ṣàlàyé bí ẹ̀yà ẹ̀dá ṣe ń yí padà, débẹ̀ lọ́dún 1835, ó wo ẹnu ẹyẹ, ó sì pariwo pé òun ti rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò ní gbogbo Galápagos, nígbà tó sì ń kó ẹyẹ jọ, kò kọ orúkọ erékùṣù tí ó ti rí wọn sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni John Gould, tó mọ̀ nípa ẹyẹ, là á yé e lọ́dún 1837 pé àwọn ẹyẹ tó rò pé wọn kò bára tan yẹn, ìdílé kan ni wọ́n, wọ́n kàn yàtọ̀ síra wọn ni. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí ẹni tó ń gbàgbé láti kọ déètì sínú ìwé rẹ̀ lè rí ìtùnú.

Ní 1977, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, òjò kọ̀, kò rọ̀ ní Daphne Major. Ẹyẹ tí à ń sọ yìí, èso koríko ló ń jẹ. Àwọn èso wẹ́wẹ́ tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ tán. Ìyókù tó wà nílẹ̀ wá ku èyí tó le koko nínú èèpo ẹlẹ́gùn-ún, irú èyí tó máa ń gún ọmọdé lẹ́sẹ̀ bíi dágunró. Ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ nípọn lè fọ́ ọ. Èyí tí tirẹ̀ tínrín á gbé e, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á jù ú sílẹ̀. Kí ọ̀dá náà tó parí, 85 nínú 100 wọn ti kú. Nígbà tí àwọn tó kù bímọ, tọkọtaya yẹn wọn àgógó àwọn ọmọ náà. Ó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nǹkan bí ìdajì mìlímítà kan.

Ẹ wo èékánná yín. Bó ṣe nípọn tó náà nìyẹn. Nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín ẹyẹ tó yè àti ẹyẹ tó kú.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan níbí. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìdánwò mi nígbà kan pé ẹyẹ náà "gbìyànjú títí ẹnu rẹ̀ fi nípọn." Mo fi báírò pupa fa ilà gbọọrọ sí i, mo fún un ní òdo. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí nóòtì tí èmi fúnra mi kọ sójú pátákó, mo sì rí i pé mo kọ ọ́ pé àwọn ẹyẹ "ṣe àtúnṣe ẹnu wọn kí wọ́n lè jẹun." Ṣé ọmọ náà ló jẹ̀bi? Kò sí ẹyẹ kankan tó tún ẹnu ṣe. Ẹnu tí oníkálukú gbé wáyé ló gbé lọ sọ́run. Àwọn tínrín ló kú tí wọn kò bímọ, àwọn oníkíki bímọ, ọmọ sì jọ òbí. Èdè wa gan-an máa ń tì wá sínú àṣìṣe yìí, nítorí ó rọrùn láti sọ pé ẹ̀dá kan "ṣe" nǹkan ju pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ilé rẹ̀.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni 1983. Kò sí ẹni tó tó mi lọ́jọ́ orí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò ní rántí ọ̀dá ọdún yẹn. Ọyẹ́ mú, kò sì lọ bọ̀rọ̀, ewé gbẹ, iná sì ń jó oko káàkiri. Oko kọfí bàbá mi, tó gbìn kí wọ́n tó bí mi, iná wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà. Ìyá mi kó wa síwájú, a ń fi ẹ̀ka tútù lu iná, bí a bá pa á níhìn-ín ó ń fò kọjá orí wa sọ́hùn-ún. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kọfí tí wọ́n ń yan, inú mi kì í dùn bíi ti ẹlòmíì.

Ní Daphne Major, ọdún yẹn kan náà, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. El Niño ló dé, omi òkun gbóná, òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1982 kò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn koríko onítàkùn bo erékùṣù náà, wọ́n sì bo ẹ̀gún dágunró tiwọn yẹn mọ́lẹ̀. Ohun tó kún ilẹ̀ wá di èso wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọ̀dá tún dé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹlẹ́nu kékeré ló ń rówọ́ jẹun. Àgógó ńlá tó jẹ́ ọlá bàbá ní 1977 ti di ẹrù ọmọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń fi sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ń rú mi lójú fún ọdún púpọ̀. Bí ọ̀dá bá fa àgógó síwájú, tí òjò fà á padà sẹ́yìn, ṣebí ojú kan náà ni a máa wà? Báwo ni ẹ̀yà tuntun ṣe ń jáde nínú ìyẹn? Ohun kan gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, kí àwọn tó ti yàtọ̀ má baà tún dà pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹyẹ àjèjì kan ló wá fi ilẹ̀kùn náà hàn mí. Ó bà sí Daphne Major ní 1981, akọ ni, kò sí aya pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tóbi ju àwọn ẹyẹ tó bá níbẹ̀. Española, erékùṣù Galápagos mìíràn, ló ti wá, ó lé ní 100 kìlómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ wò ni ìyẹn tó hàn. Ó fẹ́ abo kan nínú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ náà tóbi, ẹnu wọn yàtọ̀, orin wọn sì yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ni akọ ẹyẹ wọ̀nyí ti ń kọ́ orin, bàbá yìí sì kọ orin Española dé ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kọ orin náà, àwọn abo Daphne Major kò dá wọn lóhùn, nítorí kì í ṣe orin tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá tiwọn. Ó wá ku kí ọmọ ilé fẹ́ ọmọ ilé. Ìgbà kan wà tí ọ̀dá pa wọ́n títí ó fi ku ẹ̀gbọ́n àti àbúrò méjì péré, àwọn wọ̀nyí fẹ́ra, wọ́n sì tún pọ̀ padà dé nǹkan bí ọgbọ̀n. Ìran mẹ́ta péré ló gbà kí wọ́n tó dá dúró pátápátá. Ọdún 2017 ni ìròyìn náà jáde, mo kà á lórí fóònù nínú mọ́tò Lọ́kọ́jà, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí tó fi wọ̀ mí lára ni ìyá mi. Ọmọ Yàgbà ni wọ́n, Ìjùmú sì ni bàbá mi. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n nínú ọjà bàbá mi, bí ìyá mi bá la ẹnu ra ata, àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, ẹ tún un sọ ká gbọ́." Wọ́n á tún un sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ogójì ọdún ni wọ́n lò níbẹ̀, ohùn wọn kò yí. Àwa ọmọ, ohùn bàbá la ń sọ níta, ohùn ìyá la ń sọ nídìí ààrò. Bí a bá jẹ́ ẹyẹ Daphne Major ni, kò dájú pé àwọn òbí mi ìbá fẹ́ra rárá.

Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ́rọ̀: èdè kan ni, àpáta àti ogun àti jíjìn sí ara ẹni ló là á sí ohùn márùn-ún, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ẹ tún lè gbọ́ ìyàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Mo mọ̀ pé èdè kì í ṣe ẹran ara, ọmọ Yàgbà tó bá dàgbà ní Kàbbà á sọ Owé bí ẹní mu omi. Síbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwọn ọmọ kíláàsì mi tó o.

Ní ibòmíràn, ohun tó bẹ̀rẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ti di ńlá. Àwọn ẹyẹ Hawáì kan tí wọ́n ń pè ní honeycreeper lé ní 50 ẹ̀yà nígbà kan, inú ìran ẹyẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde: ọ̀kan ní ẹnu gígùn tó tẹ̀ bí dòjé láti máa fi mu oje òdòdó, òmíràn ní ẹnu bí ti odídẹ. Kì í ṣe ẹyẹ nìkan náà. Ní Kroatíà, lọ́dún 1971, wọ́n gbé akọ àti abo alángbá márùn-ún márùn-ún láti erékùṣù kékeré kan sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n ní ọdún 36 lẹ́yìn náà, àwọn ajẹ̀kòkòrò yẹn ti di ajewé, orí wọn ti tóbi sí i, inú ìfun wọn sì ti ní ohun tó ń dá oúnjẹ dúró kí ewé lè dà. Ọdún 36! Mo ní ìkòkò nílé tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń lọ sí Pàsífíìkì lójoojúmọ́, nígbà tí tiwa wà nílé? Níbi abíyá Áfíríkà, níbi tí etíkun ti ṣẹ́rí láti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ sí gúúsù, erékùṣù mẹ́rin tò síbẹ̀: Bioko, Príncipe, São Tomé àti Annobón. Òkè oníná ló bí gbogbo wọn. Bioko kò ju nǹkan bíi 32 kìlómítà sí etí ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nígbà tí yìnyín gbé omi púpọ̀ nínú ayé mì, òkun fà sẹ́yìn, ẹranko ń fẹsẹ̀ rìn láti Kamẹrúùnù débẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tàbí díẹ̀ sí i, ni omi gé e kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ oríṣiríṣi àti ẹtu fi wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣì jọ àwọn ará ilé wọn ní òdìkejì omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ ti ń yọjú.

Príncipe àti São Tomé kò fara kan ilẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nínú omi, ó sì lé ní 200 kìlómítà. Ohun tó fò ló débẹ̀, àti ohun tó léfòó. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Ẹyẹ orin tó jẹ́ kékeré lọ́dọ̀ wa di òmìrán ní São Tomé, ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju gbogbo ìbátan rẹ̀ lọ nínú ẹbí kánárì. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àkèré. Iyọ̀ ń pa àkèré, ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú omi òkun ti tó. Síbẹ̀ São Tomé ní àkèré tirẹ̀, ó tún ní ìbátan àkèré kan tí kò lẹ́sẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, tó rí bí ekòló ńlá. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé orí ilẹ̀ tó léfòó ni àwọn ìyá ńlá wọn gùn dé: koríko àti igi tí omi odò ńlá ya kúrò létí bèbè, tó sì gbé jáde sínú òkun ní àsìkò òjò, nígbà tí omi odò tú iyọ̀ ojú òkun ká.

Mo ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2012, nígbà tí omíyalé ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, mo dúró níbi tí ilẹ̀ ti ga, mo ń wo Ọya níbi tí òun àti Bẹ́núé ti pàdé. Omi náà kò dún, ó kàn ń kọjá lọ ni. Odindi pápá koríko ń bọ̀ lórí rẹ̀, ó fẹ̀ tó ọgbà iléèwé wa, lékeléke méjì dúró sí i bí ẹni tó san owó ọkọ̀. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nawọ́ sí i pé ejò wà nínú rẹ̀. Èmi kò rí ejò. Èrò mi ti lọ sí ìsàlẹ̀ odò, sí ibi tí omi náà ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ jùlọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á fọ́, gbogbo èrò inú rẹ̀ á sì kú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá gúnlẹ̀ láàárín mílíọ̀nù ọdún, ó tó.

Ní Príncipe, àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ pé òwìwí kan wà nínú igbó wọn, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà ti wà láti 1928. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ òwìwí ṣe rí lẹ́nu ará abúlé, kò sí ẹni tó máa ń kà á sí sáyẹ́ǹsì. Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ tó rí i fúnra wọn, ó di 2022 kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ẹ̀yà tuntun. Otus bikegila ni wọ́n sọ ọ́. Bikegila, ìnagijẹ ọkùnrin kan ni, Ceciliano do Bom Jesus, tó ń kó ọmọ odídẹ tà tẹ́lẹ̀ kó tó di aṣọ́gbó. Òun ló mọ igbó náà, òun ló mú wọn rìn. Mo sọ èyí fún bọ̀dá mi. Ó ní ṣé wọ́n sanwó fún un.

Mo ti padà sórí òkè wa pẹ̀lú gbogbo èyí nínú orí mi, mo sì bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi tipẹ́. Koríko inú ìtàn mi, ẹ̀yà rẹ̀ kan náà ló wà lórí àpáta ní ilẹ̀ Ìdànrè àti lórí àpáta Ivory Coast. Bí òkè kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ erékùṣù, kí ló dé tí kò fi di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ lórí òkè kọ̀ọ̀kan? Èrò tèmi rèé: jíjìnnà síra ẹni nìkan kì í bí nǹkan tuntun. Oòrùn tó ń pọ́n ọn lójú lókè wa náà ló ń pọ́n ọn lójú ní Ìdànrè, ebi kan náà, ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà. Ìgbésí ayé tó yàtọ̀ ló ń bí ẹ̀dá tó yàtọ̀. Ẹyẹ Daphne Major kò ní yí bí oúnjẹ ilẹ̀ náà kò bá yí. Omi tó yí wọn ká, ìlẹ̀kùn lásán ni, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú ilé. Bóyá ìdí náà nìyẹn tí ohùn wa fi pín sí márùn-ún, tí a kò sì pín ìkíni.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta dé sí òkè tó wà lápá ìlà-oòrùn tiwa. Wọ́n ní iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọ̀dọ́. Iṣẹ́ wà fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń yin àpáta, ilẹ̀ á mì, àwọn ọmọ kíláàsì á dákẹ́, ìyẹ̀fun òkúta á bà sórí tábìlì, a ó fi ọwọ́ nù ún, a ó máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Mi ò lè sọ pé mi ò nílò òkúta, ilé tí mò ń gbé, òun ni wọ́n fi da ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ka ohun tó wà lórí òkè náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí Bikegila tí wọ́n bi. Ní orí àwọn àpáta kan ní àríwá Nàìjíríà, nínú irú kòtò omi tó dà bí ojú ọlọ wa yìí, ìdin kòkòrò kan ń gbé, Polypedilum vanderplanki. Bí omi bá tán, ó máa gbẹ bí ẹ̀wà. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ ní gbígbẹ fún ọdún 17, wọ́n da omi sí i, ó sì mira. Inú kòtò tí ewúrẹ́ ń mu omi ni ìyẹn wà.

Ní oṣù kejì tó kọjá, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Wọ́n ti fi katakata ha ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà, koríko mi sì wà níbẹ̀, tí wọ́n hú tìdítìdí tí wọ́n kó jọ bí ìdọ̀tí, ó ti gbẹ gan-an. Mo mú ìdì kan, mo fi sínú nálọ́ọ̀nù, mo gbé e wálé. Ìyàwó mi, ọmọ Owé, bèèrè pé kí ni mo tún kó wọ ilé báyìí. Mo ní koríko ni. Wọ́n ní àwọn náà ń rí i pé koríko ni, ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ máa sìn ni? Mo gbé e sínú àwo, mo bu omi sí i, mo gbé àwo náà sórí fèrèsé kíṣìnì.

Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, ewé rẹ̀ ti rọ̀, ó ti nà, ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú náà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta mo wà nínú balùwẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti kíṣìnì. Mo rò pé àlejò ló dé. Mo nu ojú, mo jáde. Wọ́n dúró síwájú fèrèsé, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹjú mọ́ àwo náà, ewé inú rẹ̀ sì ti tutù láti ìdí dókè.

"Òkun o," ni wọ́n ń wí fún un. "Òkun o."